Okùn Tó Bu Múfútáù Jẹ

"Ẹlẹ́rìí, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Tẹjúmádé kò tẹ̀ ẹ́. Ó ká àtàǹpàkò rẹ̀ sínú ìkúùkù, ó dì í mọ́ àyà bí ẹni pé olè ń bọ̀ wá gbé e lọ, ó sì fi ọwọ́ kejì gbá ara Àká gbàmù débi pé àwọn aláìsàn tó ti sùn lọ jí, àwọn tó ń kérora sì dákẹ́.

"N ò tẹ̀ ẹ́! Àpótí lásánlàsàn, ṣé o gbọ́? N ò tẹ̀ ẹ́! Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu ọkùnrin yìí, ìwọ ń sọ fún mi pé okùn ló ṣe é. Okùn baba ta ni?"

Àká ò mọ èébú. Ó dúró gbọnin láàárín Ẹ̀ka Pàjáwìrì ilé ìwòsàn ìlú Òkè-Àjà, irin funfun tó ga tó ọ̀pẹ méjì tí wọ́n tò léra wọn, ikùn rẹ̀ kún fún oògùn gbogbo àìsàn tó wà láyé àti ti àwọn àìsàn tí wọn ò tíì bí. Iná pupa ń ṣẹ́jú níwájú orí rẹ̀. Nínú ihò kékeré tó wà lábẹ́ iná náà, abẹ́rẹ́ kan ti wà ní sẹpẹ́, àtàǹpàkò ló ń dúró dè.

"Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ: okùn," ni Àká wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. "Ibi tó kàn: ẹsẹ̀. Ìtọ́jú: ìpara, àti abẹ́rẹ́ ìrora. Ẹlẹ́rìí, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Abẹ́rẹ́ ìrora! Ohun tó ń mú orí Tẹjúmádé gbóná gan-an nìyẹn, ó sì gbóná débi pé tí ẹ bá fọ́ ẹyin lé e, ẹyin á dín. Apòògùn ni Tẹjúmádé. Ó kàwé oògùn títí ìwé fi bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi. Ó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Kí wọ́n wá gún un fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ti èrìgì rẹ̀ jáde? Bí ẹni bu kẹrosíìnì sílé tó ń jó ni, tó tún dúró tó ń fẹ́ ẹ.

Bẹ́ẹ̀ ayé ṣì dára kó tó di pé ọ̀rọ̀ yìí dé. Ẹ̀wà ló ń jẹ lórí àga Ẹlẹ́rìí rẹ̀ lọ́sàn-án yẹn, ẹ̀wà tó rọ ata sí títí etí rẹ̀ fi ń rú èéfín. Àmúga àtayébáyé rẹ̀ ló fi ń jẹ ẹ́, èyí tí eyín rẹ̀ ku méjì péré, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí àárín ṣófo bí ẹnu ọmọ tó ń pàrọ̀ eyín. Ọ̀gá rẹ̀ máa ń fi àmúga yìí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ogun ni àwọn baba ńlá rẹ̀ fi jà kí wọ́n tó wá fi jẹun. Dòdò kan ló fẹ́ fi í gún tí ariwo fi sọ lẹ́nu géètì.

Obìnrin kan ló dé, Sífáwù lorúkọ rẹ̀. Ó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ló pọ̀n sẹ́yìn, Múfútáù, ọkùnrin tó sanra tó kọ́bọ́ọ̀dù. Oko iṣu tó wà lórí òrùlé ilé ni ó ti gbé e, ó sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ gba orí àtẹ̀gùn tó pọ̀ ju irun orí lọ, torí pé àgọ́ agbénigòkè kì í gbé ẹni tí ara rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀. Géètì ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé Etí kọ́ sí. Etí dúdú, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tó ń wọlé láìsọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Sífáwù ki gbogbo orí bọ̀ ọ́.

"Okùn ni o! Ẹ gbà mí o! Okùn ló bu ọkọ mi jẹ!"

"Okùn," ni Etí dáhùn. "A ti gbọ́."

Ó parí. Pátákó tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ Múfútáù sí tan yanran: OKÙN.

Ẹ wo ohun tó ń dunni. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú gbọ̀ngàn náà tí kò mọ ohun tí obìnrin yìí ń wí. Ìyá arúgbó tó wá tọ́jú ojú mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Alángbá tó wà lára ògiri mọ̀ ọ́n, ó ti ń fi orí dáhùn. Etí nìkan ni kò mọ̀ ọ́n, Etí yìí náà ló sì ní àṣẹ.

"Tẹjú! Tẹjú! Kí ló dé tí iná pupa ń tàn bí ẹni pé ayé ti parẹ́?"

Ọ̀gá Adémọ̀yẹ́ ló ń sáré bọ̀. Òun ni Ọ̀gá àwọn Ẹlẹ́rìí. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó bá a níbẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ wo ọkùnrin yìí," ni Tẹjúmádé wí. "Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ti wú tó àgbá. Ẹ wo èrìgì ẹ̀. Ejò ló bù ú jẹ."

"Háà!" Sífáwù fò sókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ọkọ rẹ̀ létí. "Ẹ má pè é! Àǹtí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má pè é létí ẹ̀! Wọn kì í dárúkọ ẹ̀ fẹ́ni tó bá bù jẹ, oró á gbọ́ orúkọ ara ẹ̀, á máa gòkè! Okùn ni, ẹ jẹ́ á máa pè é ní okùn!"

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ti gbọ́ báyìí?"

Adémọ̀yẹ́ gbójú sókè, ó ń wo àjà. "Mo gbọ́. Ohun tí mo gbọ́ ò kan Etí."

"Ìyá tiyín ò pè yín wọlé rí pé okùn wà lẹ́yìnkùlé, kẹ́ ẹ má ṣeré lọ síbẹ̀?"

"Ó pè mí."

"Ṣé okùn tí wọ́n fi ń sá aṣọ ló ń bà á lẹ́rù?"

"Tẹjú, ìyá mi kì í ṣòṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn yìí! Tẹ nǹkan yìí jàre. Ìtọ́jú ti jáde, iná ń tàn, àwọn tó wà lókè ń rí wa."

"Oògùn tó máa pa á ni!"

"Tó bá pa á, ìwọ lo tẹ̀ ẹ́. Tó bá wò ó sàn, Àká ló wò ó sàn. Ṣé òní lo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni?"

Òótọ́ ni. Ohun tí apòògùn dà ní Òkè-Àjà nìyẹn. Wọ́n gbé e kúrò nídìí oògùn, wọ́n gbé e jókòó sórí àga, wọ́n pè é ní Ẹlẹ́rìí. Àká á yan oògùn, Apá onírin tó so rọ̀ lókè á gún un, iṣẹ́ ti Ẹlẹ́rìí kò ju pé kó tẹ àtàǹpàkò láàárín, kí ọ̀ràn lè rí orí ẹni tó máa fọ́ lé. Òkè orí àga náà ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà gadagba, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi tó màlúù: ẸLẸ́RÌÍ KÌ Í BÉÈRÈ. Torí pé láyé àtijọ́, wọ́n ní àwọn apòògùn máa ń béèrè ọ̀rọ̀ jù. Kí lo jẹ? Kí lo ti lò kó o tó wá? Báwo ló ṣe ń dùn ọ́? Wọ́n ní ìbéèrè yẹn ló ń kọ́ àwọn ènìyàn ní irọ́ tí wọ́n ń pa láti fi gba oògùn. Ni wọ́n bá ṣòfin: aláìsàn kan, ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ jáde sínú Etí, òun ni àìsàn rẹ, ẹni tó bá sì yí i padà ti dáràn.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ẹ tẹ̀ ẹ́," ni Tẹjúmádé wí. "Ọ̀gá ni yín. Àtàǹpàkò yín náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

Ọwọ́ méjèèjì Adémọ̀yẹ́ wọ àpò ṣòkòtò rẹ̀ wìì, bí òkété tó rí ajá. Àtàǹpàkò yẹn kò tíì kan Àká láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í jọ̀gá. Ó ń kẹ́ ẹ bí ọmọ àbíkẹ́yìn.

Ẹ wá wò wọ́n, àgbà méjì tó gbọ́n, tó mọ̀wé. Ọ̀kan fi àtàǹpàkò pamọ́ sínú ìkúùkù, èkejì fi í pamọ́ sínú àpò, ọkùnrin sì ń ṣẹ̀jẹ̀ láàárín wọn. Àká tó lè pa oró náà ní ìṣẹ́jú akàn gbé oògùn rẹ̀ síkùn, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

"Àǹtí," ni Múfútáù wí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga. "Ẹ má bá ara yín jà torí mi. Abẹ́ ebè ni mo ki ẹsẹ̀ bọ̀. Okùn náà... ó gùn o. Ó tún lẹ́wà."

"Panu mọ́!" ni Sífáwù pariwo mọ́ ọn. "Ó ń kú lọ, ó ń yin okùn!" Ó wá bú sẹ́kún, ó fi orí lé ikùn ọkọ rẹ̀.

Tẹjúmádé wọ́ ọ dìde. "Ìyá, ẹ tẹ̀ lé mi." Ó fà á dé ìdí Etí. "Ọkọ yín ò sí níbí báyìí, kò lè gbọ́. Ẹ pè é bó ṣe ń jẹ́. Ẹ sọ pé ejò."

Sífáwù di ojú pọ̀, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Ejò."

"Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ti wà," ni Etí dáhùn. "Aláìsàn kan, ọ̀rọ̀ kan."

"Àṣìṣe ni!" ni Tẹjúmádé ké sí i. "Orúkọ kan náà ni!"

"Aláìsàn kan, ọ̀rọ̀ kan."

"Orí rẹ kan! Ọpọlọ rẹ kan! Ìdajì rẹ̀ gan-an ò pé!"

"Tẹjú." Adémọ̀yẹ́ ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Fetí sí mi. Ṣé o ti gbàgbé Oyèládùn?"

Kò gbàgbé. Ta ló lè gbàgbé Oyèládùn? Orí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ló ń jókòó sí. Ìyá kan wọlé ó ní inú òun ò dùn, Àká fẹ́ fún un lóògùn ìbànújẹ́. Oyèládùn rí bí ìyá náà ṣe di ikùn mú, ó yí ọ̀rọ̀ padà sí inú rírun. Ara ìyá náà yá, ó ti gbàgbé pé inú ń run òun rí. Ti Oyèládùn ńkọ́? Wọ́n yọ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Wọ́n fi irin gbígbóná dán an títí ìlà ọwọ́ fi parẹ́, ó ń dán bí àwo. Bẹ́ẹ̀ ní Òkè-Àjà, àtàǹpàkò ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń jẹ́ kómi yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, òun ló ń jẹ́ kí àgọ́ gbéni lọ sílé lókè. Oyèládùn á dúró síta ilé ara rẹ̀ bí ọlọ́jà tí wọn ò mọ̀, títí aládùúgbò á fi ṣàánú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a tẹ ilẹ̀kùn ṣáláńgá. Ìgbà mìíràn tí òun àti ìyàwó bá jà, ìyàwó á ní kó lọ rojọ́ fún Etí.

Tẹjúmádé wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ó kúrú, ata ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó wo bẹ́ẹ̀dì lọ́ọ̀ọ́kán. Sífáwù ti padà síbẹ̀, ó ń fi etí ìró nu ẹnu ọkọ rẹ̀. Bó ṣe ń nù ún ni òmíràn ń yọ.

Ẹ̀rù bà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ̀rù ò bà á. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí i ga ju ẹ̀rù náà lọ, ó jókòó lé ẹ̀rù lórí, ó tẹ̀ ẹ́ pa.

*Aláìsàn kan, ọ̀rọ̀ kan*, ló ń sọ lábẹ́lẹ̀. *Aláìsàn kan, ọ̀rọ̀ kan. Aláìsàn mìíràn ńkọ́?*

Ó rìn lọ sídìí àga rẹ̀. Abọ́ ẹ̀wà wà níbẹ̀, àmúga eléyín méjì sì dúró ṣánṣán sínú rẹ̀. Ó yọ ọ́.

"Ẹ̀wà lo fẹ́ jẹ?" ni Adémọ̀yẹ́ ké. "Nírú àkókò yìí?"

Tẹjúmádé ti kọ ẹ̀yìn sí i. Ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ ilẹ̀kùn àwọn òṣìṣẹ́, ó jáde síta. Ẹ̀yìn ògiri ló bẹ̀rẹ̀ sí. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó wo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ki ẹnu bọ apá aṣọ rẹ̀, ó géyín mọ́ ọn, ó sì gbé àmúga sókè.

Igbe tó ké sínú aṣọ yẹn, tí kò bá sí aṣọ níbẹ̀ ni, wọn ì bá gbọ́ ọ ní ìlú kejì.

Ẹnu géètì ló gbà wọlé báyìí, bí gbogbo aláìsàn. Ó ń tiro bọ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀. Ó dúró níwájú Etí, ó sì la ẹnu gbàgà.

"EJÒ!"

Gbọ̀ngàn náà dàrú. Àwọn tó jókòó gun àga, ẹni tí wọ́n ní kò lè rìn ló kọ́kọ́ dé orí fèrèsé. Iná búlúù kan yọ láti inú Etí, ó rìn yí ẹsẹ̀ Tẹjúmádé ká, ó dúró lórí ihò méjì tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì.

"Ihò méjì," ni Etí wí. "Ejò. A ti gbọ́."

Bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Múfútáù tan yanran: EJÒ.

"Ìyá, ẹ bá mi gbé e!" Tẹjúmádé ti dé ọ̀dọ̀ Sífáwù. "Ẹ jẹ́ ká yí i sórí èyí. Apá kì í wo ojú ènìyàn, pátákó ló ń wò." Wọ́n yí Múfútáù gbirigbiri bí àgbá epo láti orí bẹ́ẹ̀dì OKÙN bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì EJÒ. Tẹjúmádé fúnra rẹ̀ wá na gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì OKÙN, ó fa aṣọ bora.

Iná àkọ́kọ́ kú níwájú orí Àká, òmíràn tàn. Ìgò kéékèèké já bọ́ sínú ihò, wọ́n ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́. Apa-oró.

"Ẹlẹ́rìí, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Adémọ̀yẹ́ ló kù lórí ìdúró. Ó wo àga Ẹlẹ́rìí tó ṣófo. Ó wo Tẹjúmádé.

"Tẹjúmádé, orí rẹ ti yí! Wèrè ti mú ọ!"

"Ọ̀gá, ẹ má pariwo mọ́ aláìsàn."

"Aláìsàn ibo? Àmúga ni! Mo rí i nígbà tó o mú un lọ! Ẹ̀wà ṣì wà lójú ọgbẹ́ rẹ!"

"Ejò náà ti jẹun kó tó bù mí jẹ."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lórí fèrèsé. Ojú Adémọ̀yẹ́ pọ́n bí ẹyìn tó gbó. "N ò tẹ̀ ẹ́. Kí ni mo fẹ́ tẹ̀? Ẹsẹ̀ rẹ ò wú! Ibo lejò náà wà? Ìgbà wo ló bù ọ́ jẹ? Báwo ló ṣe—"

Tẹjúmádé yọ ọwọ́ lábẹ́ aṣọ ìbora, ó na ìka sí òkè orí àga. Gbogbo gbọ̀ngàn bá a gbójú sókè. ẸLẸ́RÌÍ KÌ Í BÉÈRÈ.

"Ọ̀gá, mẹ́ta lẹ ti béèrè yẹn o," ló wí. "Àwọn tó wà lókè ń gbọ́ wa. Etí ti sọ pé ejò ni. Àbí ẹ̀yin fẹ́ yí ọ̀rọ̀ àkọ́sọ padà ni? Ẹ sọ ọ́ sókè kí wọ́n gbọ́."

Bí ẹ bá ti rí ewúrẹ́ tó ki orí bọ ìkòkò tí kò lè yọ ọ́ mọ́, ẹ ti rí Adémọ̀yẹ́. Òfin tó ti ń fi na àwọn ẹlòmíràn ló yí padà tó dì í lọ́rùn aṣọ mú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wá yọ láti inú àpò díẹ̀díẹ̀, àtàǹpàkò tó ti ń sin bí ọmọ ọba yọ síta, ó funfun, ó rọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́.

Apá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, gígùn rẹ̀ bí ọrùn àgùnfọn. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó wo pátákó EJÒ, ó gba orí ẹ̀ lọ sára Múfútáù, ó wá iṣan rẹ̀, oògùn sì bẹ̀rẹ̀ sí kán wọ inú rẹ̀. Sífáwù di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

"Ó ku ti OKÙN," ni Àká wí. "Abẹ́rẹ́ ìrora. Ẹlẹ́rìí, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Adémọ̀yẹ́ bojú wo ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì OKÙN. Èyí ni kò rò lẹ́ẹ̀mejì rárá. Ó fi gbogbo ọkàn tẹ̀ ẹ́. Ó tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Yéè!" ni Tẹjúmádé ké nígbà tí abẹ́rẹ́ wọ itan rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ẹsẹ̀ yẹn ti ń ro mí bọ̀."

Wọ́n dúró. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé kan, ó bọ́ sí òmíràn. Sífáwù ń nu ẹnu ọkọ rẹ̀ lemọ́lemọ́. Nígbà tó yá, ó nù ún, ó wo etí ìró rẹ̀, kò sí pupa lára rẹ̀. Ó yí etí ìró náà padà, ó tún nù ún. Kò sí nǹkan kan.

"Ó ti dá," ló sọ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà gbọ́. "Àǹtí, ó ti dá."

Múfútáù lajú. Ó wo àjà, ó wo Apá, ó béèrè bóyá ẹnìkan ti bá òun kó iṣu wọlé.

Pátákó orí rẹ̀ tan. Ohùn Etí jáde láti inú rẹ̀, torí pé bí Etí ṣe ń gba ọ̀rọ̀ nígbà tí aláìsàn bá wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ló ń gba ọ̀kan tó bá yá. Ẹnu ẹni tó yá ló fi ń kọ́ ọgbọ́n.

"Ara yín ti yá. Ọ̀rọ̀ àkẹ́yìn: kí ló bù yín jẹ?"

Tẹjúmádé fẹ́ sọ ọ́ fún un, Sífáwù ti fọwọ́ bo Tẹjúmádé lẹ́nu. Múfútáù ronú sí i, ó fọ̀wọ̀ sí i, ó sì dáhùn bí wọ́n ṣe tọ́ ọ:

"Okùn ni."

Àwọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ṣẹ́jú lára pátákó náà, àwọ̀ ìdààmú.

"Ejò," ni Etí wí nígbẹ̀yìn. "Okùn. Ọ̀kan náà ni. A ti kọ́ ọ."

Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa, ó kù díẹ̀ kó ṣí òrùlé. Ibi tí wọ́n ti ń pa á lọ́wọ́ ni àwọn Agbófinró ti wọlé. Adémọ̀yẹ́ ti ránṣẹ́ pè wọ́n.

Wọn ò bá Tẹjúmádé jà, òun náà kò sì bá wọn jà. Ó na ọwọ́ sí wọn. Nígbà tí irin gbígbóná náà kàn án, ó wo Adémọ̀yẹ́ lójú títí, kò ṣẹ́jú, títí Adémọ̀yẹ́ fi padà di ẹni tó ń wo àjà. Òórùn ẹran yíyan gba gbogbo gbọ̀ngàn. Sífáwù ló ya etí ìró rẹ̀ mímọ́, ó fi di ọwọ́ Tẹjúmádé. "Ilé wa ò ní ilẹ̀kùn fún yín," ló ń sọ nínú ẹkún, "ẹ ṣáà máa wọlé."

Tẹjúmádé mú abọ́ ẹ̀wà rẹ̀, ó mú àmúga rẹ̀, ó tiro lọ sẹ́nu géètì. Ilé rẹ̀ kò ní gbà á lálẹ́ yìí. Àga rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ yọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ lọ.

Ọkùnrin kan ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan di ekejì mú. Ó dé iwájú Etí, ó la ẹnu. "Ok—"

Abọ́ ẹ̀wà já bọ́. Ọwọ́ tí wọ́n dì ni Tẹjúmádé fi bo ọkùnrin náà lẹ́nu, ìrora sì gba orí rẹ̀ jáde.

"Má sọ ọ́ síbẹ̀! Èmi ni kó o sọ fún. Okùn wo?"

Ọkùnrin náà ń ṣẹ́jú pàkòpàkò. "Okùn... okùn àgbò mi ni, Àǹtí. Àgbò já, ó wọ́ okùn gba ọwọ́ mi. Ẹ wò ó, ó bó awọ."

Tẹjúmádé wò ó. Ó ti bó lóòótọ́. Nígbà tí Etí ti kọ́ pé okùn ni ejò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí wọ́n da apa-oró sínú iṣan ẹni tí ejò kankan ò fojú rí, oògùn tó lè gbé ẹni tí kò nílò rẹ̀ lọ láàárín kí a pajú kí a là á.

"Awọ ni kó o sọ. Má fi nǹkan kan kún un."

"Awọ," ni ọkùnrin náà wí sínú Etí.

"Awọ. A ti gbọ́." Ìpara já bọ́ nínú Àká.

"Tẹjúmádé!" Adémọ̀yẹ́ ti dé ẹnu ọ̀nà, ikùn níwájú. "Kí lò ń ṣe níbẹ̀? Ẹlẹ́rìí kì í béèrè!"

Ó yíjú sí i. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi etí ìró dì sókè, níwájú ojú rẹ̀ gan-an.

"Èmi kì í ṣe Ẹlẹ́rìí mọ́, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ yọ́ ọ."

Ó wá fa àga kan láti inú gbọ̀ngàn jáde, ó gbé e sójú ọ̀nà géètì, ó sì jókòó lé e níwájú Etí gangan, bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ló bí ojú ọ̀nà náà. Obìnrin kan ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó fọwọ́ di àyà mú.

"Ẹni tó kàn!" ni Tẹjúmádé ké sí i. "Ẹ má tíì bá Etí sọ nǹkan kan. Kí ló ṣe yín?"